Bí ọpọlọ ṣe ń kọ́ ìró èdè tí ó sì ń rántí rẹ̀

Ìkọ́ àti ìrántí ìró èdè ni iṣẹ́ tí ọpọlọ ènìyàn ń ṣe láti ya ìró kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, láti pín àwọn ìró náà sí ìsọ̀rí, àti láti fi wọ́n pamọ́ kí ó lè dá wọn mọ̀ nígbà tí ó bá tún gbọ́ wọn. Iṣẹ́ yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ kí a tó bí ọmọ, ó sì máa ń yára gan-an ní ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àti àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ ni wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀.

Ọ̀nà tí ìró ń gbà dé ọpọlọ

Ìgbì inú afẹ́fẹ́ ni ìró jẹ́. Nígbà tí ìgbì yìí bá wọ inú etí, yóò mú kí awọ ìlù etí gbọ̀n. Eegun kéékèèké mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn awọ náà yóò gbé ìgbọ̀nrìrì yìí lọ sínú kókílíà, ẹ̀yà ara tí ó ká bí ìkarahun ìgbín tí omi sì kún inú rẹ̀. Nǹkan bíi 3,500 sẹ́ẹ̀lì onírun ti inú ni ó wà nínú kókílíà etí kọ̀ọ̀kan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ni wọ́n ń sọ ìgbọ̀nrìrì di àmì iná tí iṣan ìgbọ́ràn ń gbé lọ sí ọpọlọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ kókílíà ni ó ń dáhùn sí ìró tí ó ga, òpin rẹ̀ sì ń dáhùn sí ìró tí ó lọ sílẹ̀. Ètò láti òkè dé ilẹ̀ yìí kan náà ni ó hàn ní apá ọpọlọ tí ó ń gba ìró, èyí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ orí, lókè etí díẹ̀. Ní 1874, Carl Wernicke, oníṣègùn ará Jámánì, ṣàlàyé pé bí ibì kan ní apá òsì ọpọlọ, nítòsí ibi tí ìró ń dé sí, bá fara pa, aláìsàn lè máa sọ̀rọ̀ geere síbẹ̀ kí ó má lóye ohun tí a ń sọ fún un.

Kí a tó bí ọmọ àti ní ọdún àkọ́kọ́

Ọmọ inú oyún ń gbọ́ràn ní oṣù mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn oyún. Ọ̀pọ̀ ìró kọ́ńsónáǹtì ni kì í ṣe kedere nínú ilé ọmọ, ṣùgbọ́n lílọ sókè àti wíwá sílẹ̀ ohùn ìyá ń dé ibẹ̀. Anthony DeCasper àti William Fifer fi hàn ní 1980 pé àwọn ọmọ tuntun máa ń yí bí wọ́n ṣe ń mu ọmú rọ́bà padà kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ìyá tiwọn dípò ti obìnrin mìíràn.

Ní 1971, Peter Eimas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ọmọ oṣù kan ti lè mọ ìyàtọ̀ láàárín b àti p ti èdè Gẹ̀ẹ́sì (p yìí kì í ṣe p Yorùbá, tí ó jẹ́ àfàséfètèpè). Etí ọmọdé tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí ìró èdè tí kò gbọ́ rí. Janet Werker àti Richard Tees, ní 1984, dán àwọn ọmọ tí ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé wò lórí ìró t méjì inú èdè Híńdì: ọ̀kan tí a ń fi ahọ́n kan eyín pè, àti èkejì tí a ń ká ahọ́n sẹ́yìn pè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ oṣù 6 sí 8 mọ ìyàtọ̀ náà. Nígbà tí ó fi máa di oṣù 10 sí 12, díẹ̀ ni ó ṣì mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ Híńdì ní tiwọn kò pàdánù rẹ̀. Èyí fi hàn pé bí ọpọlọ ṣe ń mọ ìró tí èdè rẹ̀ ń lò dáadáa sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń yẹra fún ìyàtọ̀ tí kò nílò.

Ọmọ tún gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kì í dánu dúró láàárín ọ̀rọ̀ méjì. Jenny Saffran, Richard Aslin àti Elissa Newport fi hàn ní 1996 pé ọmọ oṣù 8 lè fi ìṣẹ́jú méjì péré kíyè sí àwọn sílébù tí ó sábà máa ń tẹ̀ léra, kí ó sì fi ìyẹn mọ ààlà ọ̀rọ̀.

Ìró ohùn

Nínú èdè olóhùn, ìwọ̀n ohùn jẹ́ ara ọ̀rọ̀. Ohùn sílébù ìkẹyìn nìkan ni ó ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Iṣẹ́ yìí kò rọrùn fún ọpọlọ, nítorí pé ohùn òkè àgbàlagbà ọkùnrin lè wà nísàlẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé. Nítorí náà, kì í ṣe ìwọ̀n kan pàtó ni ọpọlọ ń fi pamọ́, bí kò ṣe àjọṣe ohùn kan pẹ̀lú èkejì lẹ́nu ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Àjọṣe yìí náà ni ó jẹ́ kí ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù lè gbọ́ ohun tí dùndún ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì.

Ní 2006, Karen Mattock àti Denis Burnham fi àwọn ọmọ tí ń gbọ́ èdè Ṣáínà wé àwọn tí ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín oṣù 6 sí 9, agbára àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láti mọ ìyàtọ̀ ohùn nínú ọ̀rọ̀ dínkù, ti àwọn ọmọ Ṣáínà kò sì dínkù.

Ìrántí ìró

Ìrántí ìgbà kúkúrú ń mú ìró dání fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Alan Baddeley àti Graham Hitch ni wọ́n gbé àlàyé rẹ̀ kalẹ̀ ní 1974. Ẹni tí a pe nọ́ńbà fóònù fún yóò máa tún un pè nínú ara rẹ̀. Bí ẹnìkan bá dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, nọ́ńbà náà lè sọnù.

Ìrántí ọlọ́jọ́ pípẹ́ nílò hipokámpọ́ọ̀sì, tí ó wà ní ìsàlẹ̀ inú ọpọlọ. Ní 1953, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Henry Molaison, ará Amẹ́ríkà, nítorí wárápá, wọ́n sì yọ apá púpọ̀ nínú hipokámpọ́ọ̀sì rẹ̀ méjèèjì. Ó ṣì lè sọ èdè rẹ̀, ó sì lè tún nọ́ńbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pè, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún un gidigidi láti fi ìrírí tuntun pamọ́.

Èdè tí a kò gbọ́ mọ́

Ìbéèrè pàtàkì ni bóyá ìró tí a gbọ́ ní kékeré lè parẹ́ pátápátá. Ní 2003, Christophe Pallier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ará Kòríà tí ìdílé Faransé gbà tọ́ láti ọmọ ọdún 3 sí 8 wò, wọn kò sì rí àmì èdè Kòríà nínú iṣẹ́ ọpọlọ wọn. Èsì ìwádìí tí Lara Pierce àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Montreal ní 2014 yàtọ̀. Àwọn ọmọbìnrin tí a gbà tọ́ láti Ṣáínà, tí wọ́n ti di ọmọ ọdún 9 sí 17 tí wọn kò sì gbọ́ ju Faransé lọ, tẹ́tí sí ohùn èdè Ṣáínà. Apá òsì ọpọlọ wọn ṣiṣẹ́ bíi ti àwọn tí wọ́n ń sọ èdè náà títí di òní, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ Faransé tí kò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀rí yìí kan ọmọ ìdílé èyíkéyìí tí ó ń dàgbà láàárín èdè mìíràn, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wà lókè òkun.

Àgbàlagbà àti ẹni tí kò gbọ́ràn

Àgbàlagbà náà ṣì lè kọ́ ìró tuntun. R àti l ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń dàpọ̀ mọ́ àwọn ará Japan lójú, ṣùgbọ́n John Logan, Scott Lively àti David Pisoni rí i ní 1991 pé wọ́n mọ ìyàtọ̀ náà sí i lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a fi ohùn ènìyàn púpọ̀ ṣe.

Fún ọmọ tí a bí ní adití, àkókò ṣe pàtàkì. Àwọn tí a tètè fi ẹ̀rọ kókílíà sí létí sábà máa ń kọ́ èdè ẹnu dáadáa ju àwọn tí a pẹ́ kí a tó fi sí fún lọ. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe ń yẹ etí ọmọ wò láìpẹ́ sí ìgbà tí a bí i. Ọpọlọ adití kì í sì í ṣe aláìlédè: Laura Petitto àti Paula Marentette fi hàn ní 1991 pé àwọn ọmọ adití tí ń rí èdè àmì nílé máa ń fi ọwọ́ wí wótowòto bí ọmọ tí ó gbọ́ràn ṣe ń fi ẹnu ṣe é.