Kọ̀ǹpútà Tí Kò Fẹ́ Sùn

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà nílé ní Ṣágámù mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ náà ń gbà kú. Ọ̀kan ni kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Èkejì ni kí iná lọ. Ó pẹ́ tí mo ti gbà pé èkejì nìkan ló léwu, àfi ìgbà tí mo ṣe update sí kọ̀ǹpútà tí mo fọwọ́ ara mi tò. Ìgbà yẹn ló wá jẹ́ pé bí mo bá rọra pa á gan-an ló ń dàrú.

Mo ra motherboard lọ́tọ̀, mo ra power supply lọ́tọ̀, mo ra RAM lọ́tọ̀. Káàdì Wi-Fi rẹ̀, tòkúnbọ̀ ni. Mo tò wọ́n pọ̀, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin láìsí wàhálà. Nígbà tí mo gbé operating system tuntun sórí rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa láti àárọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó kú, á dúró gbagidi fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ojú rẹ̀ á ṣú, lẹ́yìn náà á tún ara rẹ̀ tàn. Inú ẹ̀rọ yìí sì ni ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí màmá mi ń ṣe akọ̀wé fún ní Ìkẹ́nnẹ́ wà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, màmá wò ó títí, wọ́n ní: "Ṣé kí n kúkú yọ wáyà ẹ̀ ni?"

Mo ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má yọ ọ́. Owó àwọn èèyàn ló wà níbẹ̀."

Wọ́n ní: "Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó sinmi."

Kí ló wá dé tí pípa ẹ̀rọ fi le ju títàn án lọ? Ìtàn ló lè dá wa lóhùn.

Nígbà tí IBM gbé PC rẹ̀ jáde ní 1981, súwíìṣì ńlá pupa kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, iná gé, ó parí. DOS tó ń darí ẹ̀rọ náà kì í ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá ti fi iṣẹ́ rẹ pamọ́ tán, o lè pa á kí o sì lọ jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn fẹ́ kí ẹ̀rọ yára sí i. Nínú MS-DOS 6.0 tó jáde ní 1993, ètò kan tí wọ́n ń pè ní SMARTDrive máa ń gba ohun tí o ní kó kọ sórí díìsìkì, á tọ́jú rẹ̀ sínú RAM ná, á sì kọ ọ́ tó bá yá. Ó dà bí ìyá ọlọ́jà tó ti gba owó oníbàárà mẹ́wàá ṣùgbọ́n tí kò tíì kọ ọ̀kan sínú ìwé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ àtùpà pa lójijì, ìṣirò ti wọmi nìyẹn. Àwọn tó pa ẹ̀rọ wọn ní kété tí wọ́n rò pé iṣẹ́ ti tán pàdánù ohun tí wọ́n kọ. Ní ọdún kan náà ni MS-DOS 6.2 jáde, wọ́n sì tún un ṣe kí ètò náà máa kọ gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó sọ fún ọ pé o lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Láti ìgbà náà ni pípa kọ̀ǹpútà kò ti jẹ́ ọ̀rọ̀ iná gígé mọ́. Ó ti di ọ̀rọ̀ ìdágbére. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ, 1995, ni Windows 95 jáde. Àwọn tó lò ó á rántí lẹ́tà aláwọ̀ ọsàn tó máa ń hàn lórí ojú dúdú, tó ń sọ pé kò séwu mọ́, o lè pa kọ̀ǹpútà rẹ. Ẹ̀rọ ti palẹ̀ mọ́ tán, àmọ́ kò lè gé iná fúnra rẹ̀, torí pé ọwọ́ èèyàn nìkan ló tó súwíìṣì náà. Ọdún yẹn náà ni Intel gbé ìlànà ATX jáde fún motherboard àti power supply. Nínú ATX, bọ́tìnnì iwájú ẹ̀rọ kì í gé iná mọ́. Ńṣe ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gé e. Iná díẹ̀ sì máa ń wà lórí motherboard níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá ṣì wà lára ògiri. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí iná kékeré kan tó ń tàn nínú ẹ̀rọ tí ẹ rò pé ó ti kú.

Ta ni yóò wá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ bọ́tìnnì yẹn? Ní 1992, Intel àti Microsoft ti ṣe ìlànà APM, tó fi àṣẹ iná sọ́wọ́ BIOS, ìyẹn ètò tí àwọn tó ṣe motherboard kọ sínú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1996, Intel, Microsoft àti Toshiba gbé ìlànà mìíràn jáde tó ń jẹ́ ACPI. Ó gba àṣẹ náà, ó fún operating system. Motherboard á kọ ìwé sílẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń pa òun, operating system á ka ìwé náà, á wá sọ fún driver kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ètò kékeré tó ń gbẹnu sọ fún ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kan, pé ó ti tó àkókò láti sùn. Bí gbogbo wọn bá ti dáhùn, iná á gé.

Ọmọ Rẹ́mọ á tètè lóye èyí. Ìlú mẹ́tàlá ló kóra jọ di Ṣágámù ní 1872, kí wọ́n lè dáàbò bo ara wọn. Ọ̀fìn wà níbẹ̀, Màkún wà níbẹ̀, àti àwọn yòókù. Wọn ò torí pé wọ́n pàdé lójú kan sọ orúkọ tàbí oyè tiwọn nù. Akárìgbò ni olórí, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan gbogbo ìlú, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Bí kọ̀ǹpútà tí èèyàn tò fúnra rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe motherboard kò mọ ẹni tó ṣe káàdì Wi-Fi. Èmi ni mo so wọ́n pọ̀. Bí update bá wá yí bí operating system ṣe ń sọ̀rọ̀ padà, ẹ̀yà ara kan ṣoṣo tí kò gbọ́ èdè tuntun yẹn tó láti mú kí gbogbo ilé máa ṣọ́nà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà tí Windows 98 Second Edition jáde ní 1999, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló kọ̀ tí kò fẹ́ kú, tàbí tó ń tún ara rẹ̀ tàn. Ìṣòro náà pọ̀ débi pé Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde fún ọ̀rọ̀ pípa ẹ̀rọ nìkan. Àwọn tó ń ṣe Linux náà jẹ tiwọn níyà. Ọ̀pọ̀ motherboard ló jẹ́ pé Windows nìkan ni wọ́n fi dán an wò. BIOS á béèrè pé, "Ta ni ọ́?" Nígbà tó yá, Linux bẹ̀rẹ̀ sí dáhùn pé Windows lòun, kí ẹ̀rọ lè bá a sọ òótọ́.

Windows 8 tó jáde ní 2012 tún fi tiẹ̀ kún un. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá ní kí Windows kú, ó lè má kú tán. Ó máa ń kọ apá kan nínú ohun tó wà lórí rẹ̀ sínú díìsìkì, kó lè tètè jí lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ń pe èyí ní Fast Startup. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé Restart ló ń pa á tán pátápátá. Nítorí náà, àṣìṣe driver kan lè sùn mọ́jú pẹ̀lú ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Tiwa wá ní àfikún. Láti 1972 tí wọ́n ti dá NEPA sílẹ̀, títí dé PHCN ní 2005, títí dé ìgbà tí wọ́n fà á lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní 2013, iná kì í dágbére kó tó lọ. Ohun tó ń gbà wá ni pé díìsìkì òde òní máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é. NTFS ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1993, ext3 ti Linux sì tẹ̀ lé e ní 2001. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ̀rọ á ka àkọsílẹ̀ náà nígbà tó bá jí, á sì tún ilé ṣe. Ṣùgbọ́n ètò díìsìkì nìkan lèyí ń gbà là. Ohun tí màmá ń tẹ̀ lọ́wọ́ tí wọn ò tíì fi pamọ́, ó ti lọ nìyẹn.

Torí náà n kò yọ wáyà. Mo kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ìwé owó ẹgbẹ́ sórí flash méjì, mo sì gbé ọ̀kan fún màmá. Mo ka àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ṣe ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn kó tó ṣubú. Mo yọ gbogbo ohun tí mo fi gún un lára, mo wá ń dá wọn padà níkọ̀ọ̀kan, mo sì ń pa ẹ̀rọ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan káàdì Wi-Fi tòkúnbọ̀ yẹn, ẹ̀rọ kò kú. Driver rẹ̀ ti pẹ́ ju operating system tuntun lọ. Wọ́n ń sọ fún un pé kó sùn, kò dáhùn, gbogbo ìyókù sì ń dúró dè é. Mo wá driver tó bá a mu, mo fi í sórí rẹ̀. Mo tún ṣe update BIOS, àmọ́ ìgbà tí ínfátà ti kún dáadáa ni mo ṣe é, torí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ yẹn, motherboard lè má jí mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pa á níṣojú màmá. Ojú rẹ̀ ṣú, fáànù rẹ̀ dúró, ilé pa rọ́rọ́. Màmá dúró díẹ̀ bóyá á tún tàn. Kò tàn. Wọ́n ní: "Ó ti gbà báyìí." Flash tí mo fún wọn ṣì wà nínú pọ́ọ̀sì wọn títí dòní.