ADÁGÚN CHAD: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA TÍ A Ń GBÉ NÍ ÒKÈ ỌYA

Ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu wa nígbà tí a bá pé jọ: "Ṣé ká dúró síbí ni, àbí ká di ẹrù wa ká máa lọ sílé?" Tẹ́lẹ̀, ìjà àti ogun ló máa ń fa ìbéèrè yìí. Ní báyìí, ojú ọjọ́ ti dá sí i. Ọ̀dá ń ba oko jẹ́, omíyalé ń wó ilé, àwọn kan sì ń sọ pé àyípadà ojú ọjọ́ yìí yóò tú gbogbo ìlú ká. Kí ẹ̀rù tó gba ọkàn wa, ẹ jẹ́ ká wo ìtàn ibi kan tó sún mọ́ wa, tí omi rẹ̀ ti kún tó sì ti fà lọ́pọ̀ ìgbà. Ibẹ̀ ni Adágún Chad.

OMI TÓ Ń KÚN, TÓ Ń FÀ

Ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, adágún yìí fẹ̀ ju 300,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Koríko àti odò wà nígbà náà níbi tí aṣálẹ̀ Sàhárà wà lónìí. Ní ọdún 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní Ìpínlẹ̀ Yobe ti òde òní, ni ọwọ́ rẹ̀ bá ba igi líle kan nínú ilẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni! Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. A kò tíì rí ọkọ̀ ojú omi tó pẹ́ jù ú lọ ní gbogbo Áfíríkà. Bẹ́ẹ̀ Dufuna jìnnà réré sí etí adágún lónìí.

Omi fà, àwọn ènìyàn tẹ̀lé e. Lẹ́bàá adágún náà ni ilẹ̀ ọba Kanem ti dìde. Nígbà tí ọ̀rúndún 14 ń parí lọ, ìjà àwọn Bulala lé àwọn ọba Sayfawa kúrò níbẹ̀, wọ́n sì kọjá sí Borno. Ní ìparí ọ̀rúndún 15, Mai Ali Gaji tẹ Birni Ngazargamu dó nítòsí odò Yobe. Ó lé ní 300 ọdún tí ìlú yìí fi jẹ́ olú ìlú. Ó la ọ̀dá àti ìyàn kọjá, títí kan ọ̀dá ńlá tó mú ní àárín ọ̀rúndún 18. Ogun ló fọ́ ọ ní ọdún 1808, kì í ṣe ọ̀dá. Lẹ́yìn náà ni Shehu al-Kanemi tẹ Kukawa dó ní 1814. Ogun Rabih tún ba ìyẹn jẹ́ ní 1893. Ní 1907 ni ibùjókòó Shehu bọ́ sí Maiduguri.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: ọ̀dá ń dé léraléra, ṣùgbọ́n ìlú tí àwọn ará rẹ̀ fohùn ṣọ̀kan lè là á já. Bí omi bá fà, apẹja á gbin ọkà sórí ilẹ̀ tí omi fi sílẹ̀, darandaran á da ẹran rẹ̀ wá jẹ pòròpórò lẹ́yìn ìkórè, ìgbẹ́ ẹran á sì di ajílẹ̀ fún àgbẹ̀. Oníkálukú ló nílò ẹnì kejì rẹ̀.

OHUN TÓ YÀTỌ̀ LÁYÉ TIWA

Ní ọdún 1963, adágún náà tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó. Láti ìparí àwọn ọdún 1960, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ọ̀dá ọdún 1972 sí 1974 pa màlúù lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Òmíràn tún dé ní 1983 sí 1984. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980, ohun tó kù kò tó 2,000 kìlómítà. Àwọn darandaran ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi pé ẹran wọn jẹ koríko tán. Ìwádìí tó tẹ̀lé e fi hàn pé ìyípadà nínú bí omi òkun ṣe ń gbóná ló pọ̀ jù nínú ohun tó lé òjò sẹ́yìn.

Ní àsìkò yẹn gan-an ni ìjọba àpapọ̀ ń ṣe iṣẹ́ ńlá kan ní agbègbè New Marte, láti fi omi adágún bomi rin oko tó tó 67,000 hẹ́kítà. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi, wọ́n ri ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi. Kò pẹ́ rárá tí omi fi sá kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́. Apẹja lè tẹ̀lé omi, darandaran lè tẹ̀lé koríko, ṣùgbọ́n kọnkéré kò ní ẹsẹ̀.

Ààlà ilẹ̀ náà kò ní ẹsẹ̀. Àwọn apẹja láti Nàìjíríà tẹ̀lé omi títí wọ́n fi tẹ abúlé bíi Darak dó. Nígbà tí ilé ẹjọ́ àgbáyé dá ẹjọ́ Bakassi ní 2002, ó dá a pé ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni Darak wà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: adágún náà kò gbẹ tán. Láti àwọn ọdún 1990, omi rẹ̀ ti tún pọ̀ díẹ̀. Ìjà Boko Haram tó bẹ́ sílẹ̀ ní Maiduguri ní 2009, tó sì lé ohun tó ju mílíọ̀nù méjì ènìyàn kúrò nílé wọn, ló sọ etí omi di ibi tí a kò lè dé. Lẹ́yìn ìkọlù Baga ní oṣù kìíní 2015, omi wà, ẹja wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò sí. Ọ̀dá mú ìyà wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìfọkàntán bàjẹ́ ni ìlú tú.

Ìlú kan náà tí a mọ̀ mọ́ ọ̀dá ni omi bò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí ìsédò Alau ya. Ojú ọjọ́ òde òní kò dúró lójú kan.

ÀWA ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ọdún 1964 ni ọkọ̀ ojú irin dé Maiduguri, àwọn ènìyàn wa sì bá a dé. Ọdún gbọọrọ ni ẹja gbígbẹ Baga fi wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ wa ní gúúsù. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé sísá lọ sílé ti tó. Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí gbogbo ayé ń wá wò, òkun ti gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Omíyalé ọdún 2022 pa ohun tó ju 600 ènìyàn ní Nàìjíríà, kò sì yọ gúúsù sílẹ̀.

Àwa náà ti rí ìtúká rí. Ọ̀tẹ̀ àárín ara wa àti ogun ló tú Ọ̀yọ́ Ilé ká ní àwọn ọdún 1830, kì í ṣe ọ̀dá. Àwọn ogúnléndé ìgbà náà ló kún Ìbàdàn, àwọn ni wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó. Ọmọ àwọn tó sá tí wọ́n sì rí ibi sá sí ni wá.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ wa ní ohun mẹ́ta. Èkíní, kí owó àjọ wa má jẹ́ ti ìnáwó àti òkú ṣíṣe nìkan. Ká ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọjọ́ ọ̀dá àti omíyalé. Èkejì, kí a má kọ́lé sójú ọ̀nà omi, bó ti wù kí ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́ọ́kú tó. Kí a bi àwọn onílẹ̀ léèrè ibi tí omi ń gbà, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọmọ wa gbọ́ èdè ìlú tí a ń gbé bí wọ́n ti ń gbọ́ Yorùbá, kí wọ́n ní ọ̀rẹ́ nílé aládùúgbò. Lọ́jọ́ tí omi bá dé lóru, aládùúgbò ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn.

Ká dúró ni o, ká lọ ni o, kò sí ẹni tí yóò dá nìkan là á já. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a tún rí ara wa lọ́dún tó ń bọ̀. Àmín.