Ọ̀pọ̀lọ́ Òkè Ìdànrè àti Iṣẹ́ Ọgbà Ẹranko

Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé àfi lórí àpáta Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Arne Schiøtz, onímọ̀ ẹranko láti orílẹ̀-èdè Denmark, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1963. Orúkọ Jean-Luc Perret, ọmọ Switzerland tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Kamẹrúùnù, ló fi sọ ọ́. Lẹ́yìn ọdún 1970, kò sẹ́ni tó gbúròó ọ̀pọ̀lọ́ náà mọ́ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ẹ̀rù sì ti ń ba àwọn onímọ̀ pé ó ti run. Ọdún 2013 ni àwọn olùwádìí tún gun òkè náà, A. B. Onadeko wà lára wọn, wọ́n sì bá a láàyè níbi tí Schiøtz ti rí i.

Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 tó wà lára òkè náà dé ìlú àtijọ́ Ìdànrè lásìkò òjò yóò rí irú ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ yìí ń gbé: àpáta gbalasa tí omi fẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣàn lára rẹ̀. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí gbogbo wa mọ̀ a máa lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀gọ̀dọ̀. Ti Ìdànrè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ara òkúta tútù ló ń lẹ̀ mọ́, nínú omi tó kàn rin ara rẹ̀ lásán, títí ẹsẹ̀ yóò fi yọ fún un. Láàárín 1928 sí 1933 ni àwọn ará Ìdànrè sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá tẹ ìlú dó sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi ààfin, ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896 sílẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀lọ́ yìí kò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kankan tó lè sọ̀kalẹ̀ sí.

Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ dá ọgbà ẹranko sílẹ̀. Nígbà tí ti London ṣílẹ̀kùn ní 1828, àwọn onímọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ kò pẹ́ tó fi di ibi ìran. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọgbà Yúróòpù fi ń ra ọmọ ẹranko láti Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ ọdẹ tó bá fẹ́ mú ọmọ ìnàkí láàyè, ìyá rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pa. Ó yẹ ká sọ ìyẹn síta kí a tó yin ọgbà ẹranko kankan.

Ẹranko oníwo gígùn kan ní aṣálẹ̀ Lárúbáwá, tí wọ́n ń pè ní oryx, wà lára àwọn tó yí ìtàn náà padà. Ní 1962, nígbà tí ọdẹ oníbọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán, wọ́n mú díẹ̀ nínú èyí tó kù, wọ́n kó o pọ̀ mọ́ àwọn tó wà lọ́wọ́ àwọn ọba Lárúbáwá àti ní London, wọ́n sì kó wọn lọ sí ọgbà ẹranko Phoenix ní Amẹ́ríkà. Mẹ́sàn-án péré ni agbo tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1972, wọ́n yìnbọn pa èyí tó kẹ́yìn nínú aṣálẹ̀. Ní 1982, àtọmọdọ́mọ àwọn tó wà nínú ọgbà padà sí ilẹ̀ Oman.

Ní ilẹ̀ wa, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹranko jọ ní 1948 fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì di ọgbà ẹranko gidi ní 1974. Èyí tó sún mọ́ Ìdànrè jù ni ọgbà T. A. Afolayan ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ FUTA ní Àkúrẹ́. Ní Calabar, àjọ Pandrillus ń tọ́jú irú ọ̀bọ kan tí wọ́n ń pè ní drill. Àwọn ọmọ òrukàn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọdẹ àti ọlọ́jà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n sì ti bí síbẹ̀ ti ju 200 lọ.

Àmọ́ ìtàn tó yẹ kí Ìdànrè gbọ́ jù ni ti ọ̀pọ̀lọ́ Kihansi ní Tanzania. Ọdún 1996 ni wọ́n rí i, lẹ́bàá ìtàkìtì omi kan ṣoṣo lórí òkè Udzungwa. Kékeré ni, kò tó ìka ọwọ́ ní gígùn, ọmọ ló sì ń bí, kì í yé ẹyin. Ìkùukùu omi tó ń fọ́n ká ló ń mú un yè, bí èyí tí í rin ojú ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ ìtàkìtì omi Ọlúmirin ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n sé odò Kihansi láti fi ṣe iná mànàmáná, omi tó ń já sì dín kù gidigidi. Ní 2000, wọ́n kó 499 nínú wọn lọ sí ọgbà ẹranko Bronx ní New York. Ọ̀pọ̀ kú. Àwọn olùtọ́jú ní láti kọ́ bí wọn yóò ṣe máa fọ́n omi sí wọn, irú iná tí ara wọn ń fẹ́ àti kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ẹnu wọn gbà. Nílé, wọ́n to ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sẹ́bàá ìtàkìtì náà, ṣùgbọ́n àrùn awọ ara kan tún jà, nígbà tó sì di 2009, wọ́n kéde pé kò sí i mọ́ nínú igbó. Àwọn tó wà ní Bronx àti Toledo nìkan ló kù láyé. Ní 2010, ọgọ́rùn-ún padà sí Dar es Salaam. Ní 2012, wọ́n dá èyí tó ju 2,000 lọ padà sí Kihansi.

Lójú tèmi, ọgbà ẹranko gba ọ̀pọ̀lọ́ náà là lóòótọ́, àmọ́ owó ńlá àti ẹ̀mí púpọ̀ ló bá a lọ, nítorí pé ilé rẹ̀ ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń sìn ín. Ti Ìdànrè ṣì wà nílé. Òkè náà ti wà lórí àkọsílẹ̀ tí Nàìjíríà fi síwájú UNESCO láti 2007, omi sì ṣì ń ṣàn lára àpáta rẹ̀ bí òjò bá rọ̀.

Gbogbo ẹranko kọ́ ni ọgbà lè ràn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ìnàkí ṣì wà nínú igbó ọba Ìdànrè, wọn kò sì pọ̀ rárá. Èyí tí èèyàn fi ọwọ́ tọ́ dàgbà kì í rọrùn láti dá padà sígbó, nítorí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti yẹ kó kọ́ oúnjẹ àti ìṣọ́ra. Fún ìyẹn, àfi kí igbó dúró, kí oko kòkó má jẹ ẹ́ tán, irú iṣẹ́ tí Rachel Ashegbofe Ikemeh àti àjọ rẹ̀, SW/Niger Delta Forest Project, ń ṣe.

Ti ọ̀pọ̀lọ́ rọrùn ju ìyẹn lọ. Ohun tó gbà ni àpótí gíláàsì díẹ̀ ní ọgbà FUTA ní Àkúrẹ́, pẹlẹbẹ òkúta, omi tí ń kán sí i lọ́sàn-án lóru, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò máa kọ ohun tó ń jẹ àti ìgbà tó ń yé ẹyin sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, kí a máa gun òkè lọ́dọọdún lásìkò òjò láti ka àwọn tó kù, kí a sì bá àgbẹ̀ àti àwọn tó ń mú àlejò gun òkè sọ ọ̀rọ̀ iná sísun àti ìdọ̀tí lórí àpáta náà.