Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ẹ má retí ewì lọ́wọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí. Ìtàn ni mo gbé wá, ìtàn náà sì kàn mí gan-an. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ tí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀.

Ní sáà tó kọjá, iná lọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa lóru ọjọ́ kan. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá fi ìwọ̀nba bátìrì tó kù nínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ gbọ́ orin. Fèrè ni mo kọ́kọ́ gbọ́, fèrè rẹpẹtẹ, wọ́n ń dún pọ̀ bí ariwo ọjà. Lẹ́yìn náà ni ìlù wọlé. Mo bá dìde jókòó. N kò mọ orin náà rí, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ọwọ́ mi mọ ìlù yẹn. Mo bi í pé ta ni àwọn wọ̀nyí. Ó ní, "Chico O'Farrill ni, ará Kúbà. Ọmọ rẹ̀ náà ní ẹgbẹ́ ńlá tiẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. O'Farrill kẹ̀? Ṣé orúkọ ará Kúbà nìyẹn?

Kí n tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Àyàn ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi. Ìdílé onílù ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi àgbà ń lu dùndún, bàbá tó bí i ló ń lu bàtá. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ọmọ alágbe ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí. Wọ́n á na náírà sí mi pé kí n kì wọ́n. Ìgbà tí mo wá ń kọ fọ́ọ̀mù Wáẹ́ẹ̀kì, mo gé Àyàn dànù, mo kọ èyí tó kù. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ìgbà tí bàbá àgbà rí káàdì mi ni wọ́n tó mọ̀. Wọn ò bínú o. Wọ́n kàn dá a padà fún mi, wọ́n ní, "O ṣeun." Ó sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Kúbà.

Arturo ni wọ́n sọ Chico gan-an. Wọ́n bí i ní Havana ní 1921. Ìran Ireland ni bàbá rẹ̀, ìran Jámánì ni ìyá rẹ̀. Lọ́yà ni bàbá náà, lọ́yà ni wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ dà. Wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ológun kan ní Georgia, ní Amẹ́ríkà. Àṣé ibẹ̀ ni orin ti lúgọ dè é. Ó gbọ́ jazz, ó kọ́ fèrè trumpet, ọ̀rọ̀ lọ́yà bá parí síbẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí i pé orin òde ló kọ́kọ́ gba ọkàn rẹ̀, kì í ṣe orin ilé.

Ní 1948, ó kó lọ sí New York. Àwọn ọmọ Kúbà kan ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Machito ti dá ẹgbẹ́ rẹ̀, Afro-Cubans, sílẹ̀ ní 1940, Mario Bauzá tó fẹ́ arábìnrin Machito ló sì ń ṣètò orin fún wọn. Ohun tí wọ́n ṣe rọrùn láti fẹnu sọ, ó le láti fọwọ́ ṣe: wọ́n kó fèrè jọ bíi ti ẹgbẹ́ jazz ńlá, wọ́n wá gbé gbogbo rẹ̀ ka orí ìlù Kúbà. Bauzá yìí náà ló mú onílù Chano Pozo mọ Dizzy Gillespie. Ní oṣù Kẹsàn-án 1947, àwọn méjèèjì jọ gorí ìtàgé Carnegie Hall. Kò tó ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn náà tí wọ́n yìnbọn pa Chano ní Harlem, ẹni ọdún 33 péré.

Inú omi yìí ni Chico bọ́ sí. Ní oṣù Kejìlá 1950, ẹgbẹ́ Machito gba iṣẹ́ rẹ̀ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Afro-Cuban Jazz Suite. Charlie Parker wà níbẹ̀ pẹ̀lú saxophone, Buddy Rich náà wà níbẹ̀. Orin náà tó ìṣẹ́jú 17. Ẹni ọdún 29 ni Chico nígbà náà. Orin yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ mi gbé sí i lóru ọjọ́ tí iná lọ.

Níbo wá ni ìlù yẹn ti wá? Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́ fún ara wa pé tiwa ni gbogbo rẹ̀. Ìlù gígùn tí wọ́n ń pè ní conga, ọ̀dọ̀ àwọn ará Kóńgò ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ ká, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Fernando Ortiz, onímọ̀ ará Kúbà, kọ ìtàn tí àwọn àgbà onílù sọ sílẹ̀: wọ́n ní ní nǹkan bí 1830, ọkùnrin méjì kan, Añabí àti Atandá, gbẹ́ bàtá àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣètùtù fún nílẹ̀ náà. Mẹ́ta ni bàtá wọn: iyá, itótele, okónkolo. Ẹ gbọ́ orúkọ àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Ìyáàlù ni! Òrìṣà tó ń gbé inú ìlù ńkọ́? Añá ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ọ̀rọ̀ yẹn. Añá. Àyàn.

Wọ́n já àwọn èèyàn yẹn kúrò nílé, wọ́n gba orúkọ wọn, wọ́n fi orúkọ òyìnbó bọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹnikẹ́ni ò fún wọn ní fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n yan èyí tó wù wọ́n. Síbẹ̀ wọ́n pa Àyàn mọ́ sínú igi. Èmi tí ẹnikẹ́ni ò na pàṣán sí, báírò ni mo fi gé e.

Kò sí bàtá nínú orin Chico ti 1950 yẹn o, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ìlú kan náà ni gbogbo wọn ti ń kọ́ ìlù. Ìlù òrìṣà, ìlù Kóńgò, ìlù ijó, ní Havana ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Ohun tí ọwọ́ bá kọ́ níbì kan kì í gbàgbé rẹ̀ níbòmíràn. Ọmọ lọ́yà, ìran Ireland, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ onílù kankan lára, ó fi ìtẹríba jókòó ti ìlù yìí, ó sì kọ́ ọ.

Wàyí o, ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Arturo lòun náà ń jẹ́. Wọ́n bí i ní ìlú Mẹ́síkò ní 1960, nítorí ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ wà nígbà náà. Ìyá rẹ̀, Lupe Valero, olórin ni, ọmọ Mẹ́síkò. Ní 1965 gbogbo ilé kó lọ sí New York. Arturo kọ́ píánò, ó sì mọ̀ ọ́n lù. Àmọ́ orin bàbá rẹ̀? Kò fẹ́ gbọ́ ọ. Lójú tiẹ̀, jazz ni jazz, kí wọ́n fi ìlù Kúbà sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 19 nígbà tí Carla Bley mú un wọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Orúkọ bàbá ò ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀, ohun tó sì ń wá gan-an nìyẹn. Ẹ ò rí i bí? Mo mọ ọmọkùnrin yìí. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ṣùgbọ́n àgbà ń dé sí Chico. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń kọ orin ìpolówó ọjà kí ilé lè jẹun. Ní 1995, ó gbé àwo Pure Emotion jáde, lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ọdún tí kò ti ní àwo tirẹ̀. Ta ni yóò bá a darí ẹgbẹ́? Ọmọ tó ń sá yẹn náà ni. Arturo gbà láti máa darí ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, wọ́n sì ń ṣeré ní Birdland lálaalẹ́ ọjọ́ Àìkú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Ó jókòó ti píánò, ó ṣí ìwé orin bàbá rẹ̀ lójú ewé kan tẹ̀lé òmíràn, ó wá rí ohun tó ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú.

Chico kú ní oṣù Kẹfà 2001. Ní 2002, Arturo dá Afro Latin Jazz Orchestra sílẹ̀. Àwo wọn Song for Chico jáde ní 2008, ó sì gba Grammy. Chico kú láì padà sí Havana. Ọmọ ló bá a padà: ní oṣù Kejìlá 2010, Arturo kó ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ lọ ṣeré níbẹ̀. Ó tún wà ní Havana ní oṣù Kejìlá 2014, ó ń gba àwo mìíràn sílẹ̀, nígbà tí Obama àti Raúl Castro kéde pé Amẹ́ríkà àti Kúbà máa parí ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́. Àwọn ọmọ Arturo náà ti wọ iṣẹ́: Zack ń lu ìlù, Adam sì ń fọn trumpet bíi ti bàbá àgbà rẹ̀.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo gbé orin náà lọ fún bàbá mi àgbà. Wọ́n dijú. Kò pẹ́, ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lu apá àga, kó-kó-kó, kó-kó. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń lù yẹn?" Wọ́n ní, "Kónkóló ni. Ṣé wọn ò kọ́ ọ yín ní yunifásítì ni?" Mo rẹ́rìn-ín, wọn ò rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Añá fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n ní, "Wọ́n ṣe dáadáa." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n lọ gbé omele wá nínú iyàrá.

Mi ò mọ̀ ọ́n lù títí di òní. Ọwọ́ mi le bí ọwọ́ ẹni tó ń ro oko. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, mo sì ti fi ọdún púpọ̀ ṣòfò. Wọ́n tún ní àtúnṣe orúkọ lórí ìwé Wáẹ́ẹ̀kì kì í ṣe eré, owó ń bẹ níbẹ̀, ìwé ìbúra ń bẹ níbẹ̀. Ìyẹn á ṣì dọjọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo kọ sábẹ́ àròkọ yìí kí n tó fún olóòtú wa, gbogbo rẹ̀ ló pé. Àyàn ló ṣíwájú.