Ìyá Rainbow àti Ipa Ìyá nínú Fíìmù Yorùbá

Ìdòwú Philips, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìyá Rainbow, wà lára àwọn òṣèrébìnrin tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ eré Yorùbá. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1942, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ló ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní African Church Princess. Ó ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ n'Íbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó bọ́ sínú Òṣùmàrè, ẹgbẹ́ eré tí ọkọ rẹ̀, olóògbé Fẹ́mi Philips, dá sílẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ló mú kí wọ́n máa pè é ní Rainbow, tó túmọ̀ sí òṣùmàrè lédè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ni òkìkí tirẹ̀ wá kàn.

Ó ṣọ̀wọ́n kí ìtàn dá lé e lórí. Ìyá ọkọ ni, tàbí ìyá ìyàwó, tàbí ìyá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ ya pòkíì. Àwọn kan ka irú ipa bẹ́ẹ̀ sí àfikún lásán, síbẹ̀ òun ni òpó tí ìtàn fẹ̀yìn tì. Bí ọmọkùnrin bá fi èèyàn ṣoògùn owó, ọkọ̀ bọ̀gìnnì àti ilé ńlá la kọ́kọ́ ń rí. Ìgbà tí ìròyìn bá kan ìyá lára, tó káwọ́ lérí, tí gèlè já bọ́, tó ń fi ẹkún ki ọmọ ní oríkì, ni owó yẹn tó di ohun ìríra lójú òǹwòran. Ìyá ló dá ẹjọ́ ìtàn náà, kì í ṣe olú ẹ̀dá ìtàn.

Ẹnìkan lè sọ pé ojú kan náà ló ń wà, pé ẹni tó ń ṣe ìyá lójoojúmọ́ kò fi ẹ̀bùn kankan hàn. Eré alárìnkiri tó bí fíìmù wa kò rí i bẹ́ẹ̀: Bàbá Sàlá ni aláwàdà Moses Ọláìyá jẹ́ lórí ìtàgé, òun náà ló gbé wọ inú fíìmù Ọ̀run Móoru lọ́dún 1982. Ìyá pàápàá kì í ṣe oríṣi kan. Àjẹ́ Ni Ìyá Mi wà lára àwọn fíìmù tí Ìyá Rainbow ti kópa, orúkọ rẹ̀ nìkan sì ti sọ pé ẹni tí à ń sá bá náà la lè máa sá fún. Bí wọ́n bá ní gbajúmọ̀ ọ̀dọ́ ló ń ta fíìmù, ẹ wo páálí fíìmù Yorùbá: ojú àwọn àgbà kún inú rẹ̀. Ipa ìyá níyì níbòmíì náà: ní Japan, òṣèrébìnrin Kirin Kiki ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìyá àgbà lórí tẹlifíṣàn lọ́dún 1974. Ìyá àgbà náà ló ṣe nínú Shoplifters, fíìmù tó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Cannes lọ́dún 2018.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn tó ń kọ́ni ní eré ṣíṣe ní yunifásítì Adéyẹmí l'Óǹdó fi iṣẹ́ Ìyá Rainbow sára ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wò, kí Àkúrẹ́ sì ka á mọ́ àwọn tó tọ́.