Búdà Inú Sinimá àti Búdà Inú Ìtàn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, bí a bá bi yín léèrè ohun tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀sìn Búdà, a mọ ìdáhùn tí a ó gbọ́, nítorí a ti bi àwọn ọmọ kéú wa. Wọn a ní ọkùnrin Ṣáínà tí ó fá orí ni, tí ń fò láti orí òrùlé dé òrùlé, tí ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ogún ènìyàn bolẹ̀. Tàbí kí wọ́n ní ère oníkùn bẹ̀ǹbẹ̀ tí ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ inú máa ń bí àwa náà bí sinimá Amẹ́ríkà bá gbé oníláwàní jáde tí bọ́ǹbù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oníkùn bẹ̀ǹbẹ̀ yẹn kì í ṣe Búdà rárá. Budai ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ṣáínà ni, àpò aṣọ tí ó máa ń gbé kiri ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí. Siddhartha Gautama, tí í ṣe Búdà gan-an, ti kú ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí Budai tó dáyé. Lumbini ni wọ́n bí i sí, ní Nepal òde òní. Òpó òkúta tí ọba Ashoka rì síbẹ̀, tí wọ́n tún rí ní ọdún 1896, ń jẹ́rìí sí i. Ìtàn wọn ní ó fi ebi pa ara rẹ̀ títí egungun ìhà rẹ̀ fi ṣeé kà. Ẹni náà ni ayé wá sọ di oníkùn!

Ti ìjà ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ilé ẹ̀sìn Shaolin ti wà ní ẹkùn Henan ní Ṣáínà láti ọdún 495. Òkúta kan tí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí ní ọdún 728 sọ bí àwọn mọ́ńkì ibẹ̀ (àwọn afárí tí wọ́n fi ìyàwó àti ọrọ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn) ṣe gbè lẹ́yìn Li Shimin lójú ogun ní 621, kí ó tó di ọba. Ṣùgbọ́n sinimá ni ó fi ilé kan ṣe gbogbo ilé. Ní 1972, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé eré Kung Fu sórí tẹlifíṣọ̀n, òyìnbó kan, David Carradine, ni wọ́n fi ṣe mọ́ńkì Shaolin. Ní 1982, Jet Li ṣe Shaolin Temple, àwọn ọmọkùnrin Ṣáínà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò nílé lọ sí Henan láti kọ́ ìjà. Ní Thailand àti Sri Lanka, mọ́ńkì a gbé abọ́ jáde láàárọ̀ lọ gba oúnjẹ. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, kò tún gbọ́dọ̀ jẹun títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ta ni yóò sanwó láti wo ìyẹn?

Èyí tí ó léwu jù ni pé ẹlẹ́sìn Búdà kì í bínú. Sinimá Lost Horizon ti 1937 wà lára ohun tí ó gbìn ín sọ́kàn àwọn òyìnbó. Nítorí náà, nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ sí àwọn Mùsùlùmí Rohingya ní 2012 ní Myanmar (Bọ́mà tí àwọn sójà wa lọ jà nígbà ogun Hitler), ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé mọ́ńkì bíi Wirathu ń wàásù ìkórìíra. Ní 2017, ó lé ní 700,000 ènìyàn tí wọ́n sá fún àwọn sójà wọ Bangladesh.

Àwọn kan nínú wa wá yí àwòrán náà padà pé apànìyàn ni gbogbo wọn. Ní ìlú Meiktila, ní Myanmar yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n ń sun ilé àwọn Mùsùlùmí ní oṣù kẹta ọdún 2013, olórí ilé ẹ̀sìn Búdà kan, U Withuddha, kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn pamọ́ sínú ọgbà rẹ̀. Àwọn jàǹdùkú wá bèèrè wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó kọ̀, kò fà wọ́n lé wọn lọ́wọ́.