Ríra Ọjà Ìjọba: Láti Inú Àpótí dé Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin olùwòran wa, bí ìjọba bá fẹ́ kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tàbí kí ó ra àga, owó ta ni ó ń ná? Owó gbogbo wa ni. Nítorí náà, ìtàn bí ìjọba ṣe ń ra ọjà kì í ṣe ìtàn àwọn akọ̀wé nìkan.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1975. Owó epo rọ̀bì ti kún àpò ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ra sìmẹ́ńtì tí ó tó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù láti òkè òkun. Ilé iṣẹ́ ààbò nìkan ni ó ni 16 mílíọ̀nù nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èbúté Èkó kò lè já ju nǹkan bí 1 mílíọ̀nù lọ láàárín ọdún kan. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dúró sójú òkun, ìjọba sì ń san owó ìdúró wọn. Kí ni ó fà á? Ẹni tí ń buwọ́ lu ìwé kò bi ẹni tí ń já ẹrù léèrè. Aráàlú kò sì mọ ohun tí a rà àti iye tí a rà á.

Ní 2001, ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí yóò máa yẹ iye owó iṣẹ́ wò; Due Process ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ní 2007, òfin ríra ọjà ìjọba jáde, ó sì dá Bureau of Public Procurement sílẹ̀. Òfin náà ní kí á kéde iṣẹ́ ńlá nínú ìwé ìròyìn méjì ó kéré tán, kí á fún àwọn agbaṣẹ́ṣe ní ọ̀sẹ̀ 6, kí á sì ṣí ìwé wọn lójú gbogbo wọn.

Ní ìlú Ọ̀fà, òfin yìí de Federal Polytechnic tí a dá sílẹ̀ ní 1992, nítorí pé ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ti ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀fà wà lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ Kwara. Ìlú kan, òfin méjì. Ní 2018, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ó bá tún ètò ìnáwó wọn ṣe. Gbígbé ríra ọjà sórí kọ̀ǹpútà wà lára ohun tí ó béèrè.

Kí ni kọ̀ǹpútà ń ṣe tí àpótí kò lè ṣe? Inú àpótí ni agbaṣẹ́ṣe ń ju ìwé rẹ̀ sí. Ìwé lè sọnù. A sì lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lóru. Lórí kọ̀ǹpútà, ìlẹ̀kùn a máa tì ní wákàtí tí a dá, ìwé kì í ṣí kí àkókò tó pé, orúkọ ẹni tí ó bá sì fọwọ́ kàn án yóò wà níbẹ̀. Kòríà Gúúsù ti ń ṣe é láti 2002; Ghana bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Nàìjíríà dá ojúlé NOCOPO sílẹ̀, níbi tí a ń kọ iṣẹ́ tí a gbé jáde sí. Ṣùgbọ́n kíkọ iṣẹ́ tí a ti pín tán sílẹ̀ yàtọ̀ sí pínpín in lójú gbogbo ayé.

Gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò ní iná mànàmáná, tí kò sì mọ kọ̀ǹpútà lò ńkọ́? Bí a kò bá kọ́ ọ, a ó kàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ akọ̀wé ni, a ó gbé e fún ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa ni èyí.

Ìjàkadì ni a mọ ìlú Ọ̀fà mọ́. Gbangba ni a ti ń jà á, gbogbo ojú ni ó sì ń rí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ̀rọ lè la gbangba sílẹ̀ fún wa. Kò lè wòran fún wa. Bí agbaṣẹ́ṣe méjì bá ti fẹnu kò sórí iye owó lóru, kọ̀ǹpútà yóò gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ni òǹwòran. Ẹ máa béèrè: ta ni ó gba iṣẹ́ yìí, èló ni, ṣé ilé náà sì wà ní ìdúró?